Ògiri Tí Kò Gbẹ

Ọkùnrin tó ń ta ìkòkò amọ̀ ló gbé ìròyìn náà wá sílé wa, kò sì lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi bó ti ń sọ ọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí àkẹtẹ̀ rẹ̀ po lọ́wọ́.

"Ìyá Evodio," ó ní, "mo rí ọmọ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi Otilia ń po ìyẹ̀fun àgbàdo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú ọpọ́n. "Níbo lo ti rí i?"

"Ní San Crisóforo. Nínú àká àtijọ́ tí wọ́n ya àwòrán sí yẹn."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Kò ṣe nǹkan kan, ìyá. Ara ògiri ló wà."

Mo dìde láti lé e jáde. Láti ìgbà tí Evodio ti sọnù, onírúurú èèyàn ló ti wá bá wa: ẹni tó lá àlá, ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, ẹni tí irọ́ kàn ń yún lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò béèrè ohunkóhun. Ó ní òun gbé ìkòkò lọ fún ẹni tó ń ṣọ́ àká náà ni, òun gbójú sókè, òun sì rí Evodio tó máa ń gẹ irun fún òun, láàárín àwọn èèyàn inú àwòrán. Àwòrán tí wọ́n ti yà kí wọ́n tó bí bàbá òun! Àpá ibi tí àkùkọ ti ṣá a lókè ojú òsì wà níbẹ̀ kedere.

"Mo kí i," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kí i."

Hermelinda ni orúkọ tèmi. Àbúrò Otilia ni mí. Evodio nìkan ló bí, èmi ò sì bí rárá, nítorí náà ọmọ àwa méjèèjì ni. Agẹrun ni ọmọ náà. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí apá àríwá láti lọ wo àga ìgẹrun kan tí wọ́n ní ó dára. Àwọn oníbọn dá ọkọ̀ náà dúró lójú pópó, lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ ló sọ ọ́ fún wa, ilẹ̀ ló sì ń wò títí tó fi sọ ọ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni Otilia ti di alárìnká. Àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn, ilé òkú, kò sí èyí tí kò dé. Ọlọ́pàá kan ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó dá a lóhùn pé, "Màmá, ọmọ yín ti rí obìnrin. Ẹ lọ sinmi." Ibi gbogbo tó bá dé ni yóò ti máa sọ bí ojú ọmọ rẹ̀ ṣe rí: bí irun rẹ̀ ṣe ká, bí eyín rẹ̀ kan ṣe gun orí èkejì, bó ṣe máa ń fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ fún aṣọ́nà. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀. Nígbà tó yá, mo bá a níbi tó ti ń sọ ọ́ fún ajá.

Ara rẹ̀ ti gbẹ. Nǹkan kan ń dùn ún níkùn, kò sì jẹ́ kí dókítà fọwọ́ kàn án. "Mi ò ráyè àìsàn," ló máa ń wí. Nítorí náà, nígbà tí oníkòkò náà lọ tán, mi ò bá a jiyàn. Mo kó tàmálè, ìyẹ̀fun àgbàdo tí a fi ewé dì sè, sínú agbọ̀n, mo mú aṣọ ìborùn wa, a sì wọ bọ́ọ̀sì.

Ó ti di irun rẹ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Evodio fẹ́ràn, bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá ti dúró ni ó ń di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí àwọn sójà wọlé wá yẹ ẹrù wò, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Hermelinda, tó bá jẹ́ òun ni ńkọ́?"

"Àwòrán ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Èèyàn máa ń jọra."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá èèyàn máa ń jọra."

Mo yíjú sí fèrèsé títí a fi dé.

Àká náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì San Crisóforo. Àwọn olóko ńlá ayé àtijọ́ ló kọ́ ọ láti máa kó ọkà sí. Ó ga, fèrèsé rẹ̀ wà lókè réré. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ni òórùn kan ti pàdé wa, òórùn ẹfun tútù, bíi ti ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Mo wò káàkiri. Kò sí bíríkìlà kankan.

Don Silvano ni ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Ó ga, ó pa irunmú rẹ̀ láró, kò níyàwó, kò lọ́mọ. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti olú-ìlú, bí ìjọba ṣe rán àwọn ayàwòrán káàkiri lẹ́yìn ogun tí àwọn àgbẹ̀ fi gba ilẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè ka ìtàn ara rẹ̀ lára ògiri.

"Ẹfun tútù ni wọ́n ń yà á sí," ó ń wí. "Bí ẹfun bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń mu ọ̀dà. Torí náà, ẹ má sọ pé àwòrán yìí wà lórí ògiri o. Inú ògiri ló wà."

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá Otilia. Ó pàtẹ́wọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pé ó tó.

"A ò tíì ya fọ́tò, Tíṣà!"

"Ẹ padà wá lọ́la. Ògiri ò ní ẹsẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀. "Ẹ máa rọra, ìyá," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Kò ní lọ."

Ògiri náà gùn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àwọn èèyàn tí wọ́n yà síbẹ̀ ń jáde látinú oko àgbàdo, wọn ò wọ bàtà, wọ́n ń rìn bọ̀ níhà ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé. Olóko ńlá jókòó sórí ẹṣin ní igun kan, ó kẹ̀yìn sí wọn. Àwọn tó wà níwájú ní ojú, imú àti ẹnu. Bí èèyàn bá ṣe ń wo ẹ̀yìn ni ojú ń dín kù, títí tó fi ku orí lásán, bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ẹyin. Síbẹ̀, láàárín àwọn aláìlójú wọ̀nyẹn, ojú kan yọ níbí, òmíràn yọ lọ́hùn-ún, wọn ò sì jọ èèyàn ayé àtijọ́. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn wọ aṣọ bọ́ọ̀lù.

Otilia kò wo iwájú rárá. Ẹ̀yìn ló gbà lọ tààrà, bí ìyá ṣe ń lọ síbi tó ti gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀.

Evodio ni. Mi ò sọ pé ẹni tó jọ ọ́. Irun rẹ̀, eyín rẹ̀, àpá rẹ̀. Ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà pupa rúsúrúsú nìkan ló wà, kò tíì di nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka méjì, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìka náà sì padà pẹ̀lú ọ̀dà tútù.

Mo rò pé Don Silvano yóò pariwo. Kò pariwo. Ó fa áńkáṣíìfù kan yọ lápò, ó na án sí i; àbàwọ́n ọ̀dà ti kún un tẹ́lẹ̀, ti ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn.

Otilia wo ìka rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á ni," ó ní. "Ẹni tó yà á ti rí i láìpẹ́. Hermelinda, ọmọ mi wà láàyè."

Mo wo ojú Don Silvano. Ó gbójú kúrò.

Mo tọ̀ ọ́ lọ sínú àgbàlá, lábẹ́ igi ọsàn. "Ta ló ya ọmọ wa?" mo bi í. "Ẹ má purọ́ fún mi, sà."

"Eleuterio Bracamontes ló ya ògiri yẹn. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi." Ó wo ẹ̀yìn bóyá Otilia ń bọ̀. "Ẹ jókòó, Doña Hermelinda."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní kí ogun tó parí, àwọn àgbẹ̀ ìlú náà béèrè ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ olóko ńlá. Olóko náà pè wọ́n wá gba ìdáhùn, ó yìnbọn pa wọ́n, ó kó wọn sínú kòtò, ó sì da ẹfun lé wọn lórí kí òórùn má baà jáde. Kò gbà kí àwọn opó wọn hú wọn. Nígbà tí ayàwòrán náà dé, ó ń wá ẹfun tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, nítorí bó bá ṣe pẹ́ sí ló ṣe ń dára sí. Àwọn opó náà ní àwọn mọ ibi tó wà. Wọ́n fi agbọ̀n rù ú wá fún un.

"Kò mọ̀?" mo bi í.

"Ó mọ̀ lọ́jọ́ tó rí eyín nínú rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Opó kọ̀ọ̀kan á jókòó síwájú rẹ̀, á sọ bí ọkọ òun ṣe rí, òun á sì yà á. Wọ́n ní bó ṣe rí gan-an ló ṣe ń yà á. Ó kú kó tó débi àwọn tẹ̀yìn." Ó nu irunmú rẹ̀. "Láti ìgbà náà, wọ́n ń yọjú fúnra wọn. Ẹni tí kò ní sàréè ló ń wá síbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà sílé láàyè."

Mo gbọ́ ohùn Otilia nínú àká, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bi í bóyá ó ti jẹun.

"Kí ló dé tí ẹ kì í sọ fún wọn?"

"Ẹ lọ sọ fún un," ó ní. "Ṣé ẹ lè sọ ọ́?"

Mi ò lè sọ ọ́.

A wọ̀ sí ilé àlejò kékeré kan lẹ́bàá ọjà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Otilia á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú ògiri. Kò jẹun. Ó ń gbé tàmálè sílẹ̀ níwájú Evodio, ó ń sọ ìròyìn àdúgbò fún un. Mo rí i pé ikùn ń dùn ún, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú eyín dídì. Mo bẹ̀ ẹ́ ká lọ sílé. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé, ó sanra, ó so gèlè dúdú, iná wà lójú rẹ̀. Nicéfora lorúkọ rẹ̀. Àríwá ló ti wá, ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá bíi tiwa. Ó kọjá gbogbo wa, ó dúró síwájú Evodio, ó sì ké.

"Ladislao! Ladislao, ọkọ mi!"

Otilia dìde. "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ mi."

"Ọmọ ta? Fọ ojú ẹ kó o tó wo ọmọ ọlọ́mọ! Evodio nìyẹn. Àpá tí àkùkọ ṣá a sí nìyẹn."

"Àkùkọ wo? Omi gbígbóná ló bó o létí! Ṣé èmi ni mo máa wá kọ́ ẹ ní etí ọmọ tí mo bí? Ìyá, tí ebi bá ń pa yín, ẹ jẹ tàmálè tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má jẹ ọmọ mi."

Wọ́n gbá ara wọn láṣọ mú. Èmi àti Don Silvano ń là wọ́n. Láàárín ariwo náà, bí Nicéfora ti ń sunkún, tó ń sọ nípa etí tó bó, nípa ihò kékeré tó wà ní àgbọ̀n ọmọ rẹ̀, mo gbójú sókè, mo sì rí i. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ló ń wò mí látinú ògiri, etí rẹ̀ bó, àgbọ̀n rẹ̀ ní ihò. Mo ṣẹ́jú. Evodio ló wà níbẹ̀.

"Ẹ dákẹ́," mo sọ. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ojú méjì ló wà níbẹ̀."

Ìjà náà tán lójijì. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó pẹ́, Nicéfora fa àpótí kan sún mọ́ ti Otilia. "Ṣé tiyín náà máa ń sùn jù?" ó bi í.

"Ó lè sùn nínú agbada iná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n jọ ń jókòó níwájú ojú kan ṣoṣo, tí oníkálùkù ń bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn Evodio lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í yípadà. Ọ̀dà rúsúrúsú náà kọ́kọ́ dì, ó di ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìlà kan gbéra nílẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ọwọ́ tó fà á. A kàn máa dé láàárọ̀, òórùn ẹfun á gba imú wa, nǹkan kan á sì ti kún un: ahéré tó wó, òkìtì bíríkì, òpó èéfín gíga tó là láti orí dé ìdajì. Ó ń jẹ mí lọ́kàn pé inú Otilia ń dùn sí i. "Ibi tó wà ló ń fi hàn wá," ó ń wí. "Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́."

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó ń yọ lára ògiri yìí..."

"Wọ́n ti kú," Otilia ní.

Mo wò ó.

"Ìwọ ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, òmùgọ̀ yìí. O ti ń wò mí bíi pé mo máa fọ́. Láti ọjọ́ tí mo fọwọ́ kàn án ni mo ti mọ̀. Ọmọ tí mo bí, kí ara rẹ̀ tutù tó báyẹn, kí n má mọ̀?" Ó nu ojú mi pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀. "Mi ò wá a láàyè mọ́, Hermelinda. Mo fẹ́ gbé e sílé ni. Mo fẹ́ mọ ibi tí màá dúró sí tí n bá ń sunkún."

Nicéfora kò bá wa dá sí i. Ó ti sún mọ́ ògiri, ó ń wo òpó èéfín tó là náà. Nígbà tó yíjú padà, ètè rẹ̀ funfun.

"Mo mọ ibí yìí," ó ní. "Ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì tẹ́lẹ̀ ni, kò jìnnà sí ilé mi. Àrá ló la òpó yẹn. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ ra tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo wa."

A lọ. Àwọn ìyá mìíràn tó ń wá ọmọ wọn ní agbègbè Nicéfora bá wa lọ, ọ̀pá irin léjìká. Wọn á fi òòlù gbá ọ̀pá náà wọ ilẹ̀, wọn á fà á yọ, wọn á gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é jẹ́ẹ́, bí obìnrin ṣe ń yẹ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn ahéré tó wó, obìnrin kan gbóòórùn ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ya àgbélébùú síwájú ara rẹ̀. A mú ṣọ́bìrì.

Ẹfun ni a kọ́kọ́ bá.

Mi ò ní sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé wọ́n pọ̀, àti pé dókítà obìnrin tó wá láti ìlú ńlá láti yẹ egungun wò pe Otilia àti Nicéfora sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra sọ fún wọn pé ọmọ wọn méjèèjì jọ wà nínú kòtò kan, apá ọ̀kan lábẹ́ orí èkejì, débi pé ó ṣòro láti mọ ti ẹni tí eegun kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí ojú fi jẹ́ ẹyọ kan.

Wọ́n kó wọn sínú pósí kan. A sin wọ́n sí ìlú wa, Nicéfora sì kó lọ sọ́dọ̀ Otilia. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi sùn títí oòrùn fi yọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ gbé e díẹ̀, ó ní ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Don Silvano. Àwa mẹ́ta ló lọ. Ilẹ̀kùn àká ṣí sílẹ̀ gbayawu. Igi ọsàn ti rọ, èso rẹ̀ ń jẹrà nílẹ̀. Obìnrin tó ń ta èso lójúde ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ dá wa lóhùn. Nígbà tó yá ló fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n ti mú un," ó ní. "Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní nọ́ńbà. Wọ́n bi í pé ta ló sọ fún àwọn obìnrin nípa ibi bíríkì. Ó ní ògiri ni. Wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

A wọlé. Ibi tí Evodio dúró sí ti di funfun, ó gbẹ táútáú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan ti yọ, irunmú rẹ̀ dúdú kirikiri, àkẹtẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù.

Nicéfora jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń lu itan rẹ̀. "Àwa la pa á! Àwa la pa á!"

"Ta ló ní tó máa wá a?" Otilia béèrè. Don Silvano kò ní ẹnì kankan. "Ó dáa. Àwa la ní i."

A dúró sí San Crisóforo. Nicéfora ló ń ṣí ilẹ̀kùn báyìí, nítorí àwọn ìyá ń wá láti ibi gbogbo. Ojoojúmọ́ là ń jókòó ti Don Silvano. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún díẹ̀díẹ̀: odò tó gbẹ, afárá tí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti já, igi ńlá kan tí wọ́n kùn ní funfun ní ìdí. A bi oníkòkò, a bi awakọ̀, a bi àlùfáà. Kò sí ẹni tó mọ ibẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí òdìkejì ọ̀nà. Kò ní nọ́ńbà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ sí wa. Wọ́n ń jẹ máńgòrò, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ká sá. Ó ní kí n lọ tí mo bá fẹ́, òun ti sá tó.

Láàárọ̀ òní, ọ̀kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀. Ọmọdé ni, kò ju Evodio lọ, bàtà rẹ̀ ń dán, nǹkan sì wú lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó dúró níwájú mi.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè wọlé wo àwòrán?"

Mo yẹ̀ fún un lọ́nà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wọlé. Ó kọ́kọ́ ń wo iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín sí olóko orí ẹṣin. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀. Ó dúró síwájú Don Silvano.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ó ní.

Mo wo ògiri: Don Silvano ni mò ń rí, irunmú rẹ̀, àkẹtẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà sún mọ́ ògiri. "Baldomero. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọ̀gá sọ fún mi pé ó ti kọjá sí òkè-òkun. Wọ́n ní ó ń fi owó ránṣẹ́ sí màmá wa." Ó na ọwọ́, ó kan ògiri, ó wo ìka rẹ̀. "Kí ló dé tó fi tutù?"

Nígbà náà ló gbójú kúrò lára ojú náà, tó rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: odò gbígbẹ, afárá, igi tí wọ́n kùn ní ìdí. Mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kúrò lójú rẹ̀, títí tó fi dà bí ẹfun.

"Mo mọ ibẹ̀," ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Èmi ni mo..."

Kò parí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ìyá, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn.

Otilia dìde. Ó gbé ọ̀pá irin rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì na án sí i.

"Dìde, ọmọ," ó ní. "Mú wa lọ."

Lóde, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí.